Àkísà Ọ̀run: Àwọn Ìràwọ̀ Tí Ó Ti Jó Tán àti Ọjọ́ Orí Àgbáálá Ayé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé aṣọ titun kò lè sọ iye ọdún tí ènìyàn ti lò láyé. Ohun tí ó ti lò gbó ni yóò sọ ọ́. Nínú àròkọ yìí mo fẹ́ fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí lójú ọ̀run. Àwọn ìràwọ̀ tí ń tàn yanranyanran kọ́ ni a lè pè ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo nípa ọjọ́ orí ayé. Àwọn kan wà tí wọ́n ti jó tán, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ti di bàìbàì tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Àwọn wọ̀nyí ni àkísà ọ̀run, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó parí àríyànjiyàn ńlá kan tí ó da àwọn onímọ̀ láàmú ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ èdè Yorùbá pẹ̀lú ìràwọ̀. Ìdáhùn mi ni pé ohun tí a kò bá lè fi èdè wa ṣàlàyé fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ohun àlejò ni yóò máa jẹ́ lójú rẹ̀. Ìràwọ̀ kì í sì í ṣe ohun àlejò fún àwọn baba wa, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i láìpẹ́.

ÌRÀWỌ̀-ỌKỌ̀ ÀTI ẸNÌKEJÌ RẸ̀

Àwọn baba wa kò ka gbogbo ìràwọ̀ sí ọ̀kan náà. Wọ́n mọ Àgùàlà, èyí tí ó máa ń tàn ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní ajá òṣù nítorí pé ó máa ń bá òṣùpá rìn. Wọ́n sì mọ ìràwọ̀ mìíràn, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ti gbogbo ìràwọ̀ tí kì í ṣípò láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. A. B. Ellis, nínú ìwé tí ó kọ nípa àwọn Yorùbá ní 1894, sọ pé ìràwọ̀-ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń pè é, nítorí tí wọ́n gbà pé òun ni ó ń ṣe amọ̀nà fún àwọn atukọ̀. Sirius ni orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é.

Orúkọ yìí bá ilẹ̀ tí a ń gbé mu rẹ́gí. Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkókómáíkò jẹ́ ilẹ̀ àwọn Àwórì, omi ọ̀sà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì sì ni ọ̀nà àjò àti ọ̀nà ọjà ní agbègbè yìí kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó dé. Ní alẹ́ oṣù kejì ọdún, bí ọyẹ́ kò bá gbé eruku bo ojú sánmọ̀, ẹni tí ó bá dúró létí omi ní Ọ̀jọ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá yóò rí ìràwọ̀-ọkọ̀ lókè réré, funfun báláú, tí ó ń ṣẹ́jú.

Ohun tí àwọn atukọ̀ wa kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni láyé kò sì mọ̀ nígbà náà, ni pé ìràwọ̀-ọkọ̀ kò dá rìn. Ní 1844, Friedrich Bessel, ará Jámánì, ṣàkíyèsí pé ìrìn ìràwọ̀ náà kò lọ tààrà. Ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, bí àgbàlagbà tí ó di ọmọdé mú lọ́wọ́ tí ọmọ náà sì ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bessel sọ pé ohun kan tí ó wúwo, tí a kò rí, gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀. Ní 1862, Alvan Graham Clark ń dán awò-ọ̀nà-jíjìn titun kan wò ní Amẹ́ríkà, ó sì rí ohun náà: ìràwọ̀ kékeré kan, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá 10,000 ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀-ọkọ̀.

Ní 1915, Walter Adams tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kékeré náà palẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀, bí òṣùmàrè ti ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ohun tí ó rí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Bí ìràwọ̀ náà ti ṣe bàìbàì tó, ènìyàn ì bá rò pé ó ti tutù ni. Ṣùgbọ́n ó gbóná ju oòrùn wa lọ. Bí ohun kan bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ ni kò tóbi. Ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tó ti inú oòrùn, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò ju ilé ayé tí a ń gbé yìí lọ. Bí a bá bu ìwọ̀n hóró ṣúgà onígun kan nínú rẹ̀, yóò wúwo ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Nítorí kíkéré rẹ̀ àti funfun rẹ̀ ni a fi lè pe irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ní aràrá funfun, orúkọ tí a ó sì máa lò nìyí.

BÍ ÌRÀWỌ̀ TI Ń DI ARÀRÁ

Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ iná, ṣùgbọ́n kì í jó bí igi ti ń jó. Háídrójìn, èyí tí ó fúyẹ́ jùlọ nínú gbogbo ohun tí a fi dá ayé, ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní àárín ìràwọ̀, níbi tí ooru ti pọ̀ jọjọ, àwọn hóró háídrójìn ń dàpọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n ń di hílíọ́mù, ìdàpọ̀ yìí ni ó sì ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde. Ooru náà ń ti ara ìràwọ̀ síta, òòfà ìràwọ̀ náà sì ń fà á padà sínú. Níwọ̀n ìgbà tí háídrójìn bá ṣì wà ní àárín, ìtì àti ìfà yìí wà ní dọ́gbadọ́gba.

Nígbà tí háídrójìn àárín bá tán, ìràwọ̀ náà yóò wú, yóò tóbi, yóò sì pọ́n. Lẹ́yìn náà yóò bọ́ ara òde rẹ̀ sọnù sínú òfuurufú bí ejò ti ń bọ́ awọ. Ohun tí yóò ṣẹ́kù ni àárín rẹ̀, tí ó jẹ́ pé kábọ́nù àti ọ́síjìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí a sì ti fún pọ̀ pinpin. Aràrá funfun nìyẹn. Nǹkan bí bílíọ̀nù 5 ọdún sí i ni háídrójìn àárín oòrùn tiwa yóò tán, òun náà yóò sì tọ ọ̀nà kan náà. Kìkì àwọn ìràwọ̀ ńláńlá, tí wọ́n wúwo ju oòrùn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni kì í bá ọ̀nà yìí lọ. Ìbúgbàù ni ó ń pa wọ́n.

Ẹni tí ó bá ronú yóò béèrè pé, bí iná bá ti kú, kí ni kò jẹ́ kí òòfà fún aràrá náà pọ̀ di òfo? R. H. Fowler dáhùn ìbéèrè yìí ní 1926. Gbogbo wa tí ń wọ ọkọ̀ láti Òkókómáíkò lọ sí Mile 2 ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé mọ bí ọkọ̀ ti ń kún. Bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tilẹ̀ ń pariwo pé kí èrò súnra sí i, ìgbà kan ń bẹ tí kò ní sí àyè mọ́. Kì í ṣe agbára èrò ni kò jẹ́ kí a lè fún wọn mọ́ra sí i, nítorí bí gbogbo wọn tilẹ̀ sùn lọ, àga kan kò lè gba ju iye tí ó lè gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, hóró kíkékeré tí ó wà nínú gbogbo ohun gbogbo. Àyè wọn ní òfin, èjì kò sì lè jẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà, bí aràrá funfun bá gbóná, bí ó bá sì tutù, ara rẹ̀ yóò dúró bí ó ti wà.

Ìdúró náà ní ààlà. Ní 1930, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íńdíà kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 19, Subrahmanyan Chandrasekhar, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kàwé. Lójú òkun ni ó ti ṣírò rẹ̀ pé aràrá funfun kò lè wúwo ju oòrùn lọ kọjá ààlà kan, ààlà tí a mọ̀ lónìí sí nǹkan bí ìlọ́po 1.4. Arthur Eddington, tí ó jẹ́ àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ nígbà náà, ta ko ọ̀rọ̀ náà ní gbangba ní 1935. Ọ̀dọ́ náà kò jà. Ó gba iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ní 1983 ni a fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ọdún náà gan-an tí a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́.

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ṣùgbọ́n aràrá funfun kì í di eérú lọ́gán, ògúnná ni. Ooru tí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń tú jáde, tí ó sì ń tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Ní 1952, Leon Mestel fi ìṣirò hàn bí ìtutù náà ti ń lọ. Láti ìgbà náà ni aràrá funfun ti di ohun tí a lè fi wọn àkókò. Bí ènìyàn bá wọ ilé ìdáná, tí ó na ọwọ́ sí ààrò, yóò mọ̀ bóyá iná náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni tàbí ó ti kú láti àná. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń ṣe nìyí, àfi pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí ààrò ti gbóná tó.

AGBO ÌRÀWỌ̀ RÓBÓTÓ

Síbẹ̀, ògúnná kan ṣoṣo kò tó. Ó lè sọ fún wa ìgbà tí iná kú, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìgbà tí a dá a. Ohun tí a ń fẹ́ ni ibi tí a ti dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ iná ní ọjọ́ kan náà. Ní ayé àtijọ́, nígbà tí a kò tíì máa kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, báyìí náà ni a ti ń mọ ọjọ́ orí ènìyàn: a ó wá ojúgbà rẹ̀, a ó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí a bí wọn, bóyá ní ọdún àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ni, tàbí ọdún tí ọba kan gorí oyè. Bí a bá mọ ti ẹnìkan nínú ẹgbẹ́, a mọ ti gbogbo wọn.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lójú ọ̀run. Àwọn ni ìràwọ̀ tí ó ṣùpọ̀ mọ́ ara wọn ní róbótó, tí òòfà ara wọn kò jẹ́ kí wọ́n tú ká, tí iye wọn nínú agbo kan lè jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000), tí ó sì lè ju mílíọ̀nù kan lọ. A ó pè wọ́n ní agbo ìràwọ̀ róbótó. Àwọn tí a ti kà yí ká Ọ̀nà Wàrà, ìyẹn ọ̀wọ́ ńlá ìràwọ̀ tí oòrùn tiwa wà nínú rẹ̀, lé ní 150. Àwọn ìràwọ̀ inú agbo kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúgbà, nítorí tí a bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní àkókò kan náà, láti inú ìkùukùu kan náà.

Ó yẹ kí inú wa dùn pé ibi tí a wà dára fún wíwo àwọn agbo wọ̀nyí. Ọ̀jọ́ kò jìnnà sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì ọgbọọgba, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ojú ọ̀run, ti àríwá àti ti gúúsù, ni ó ń kọjá lórí wa láàrin ọdún kan. Èyí tí ó tóbi jùlọ nínú àwọn agbo Ọ̀nà Wàrà ni Omega Centauri, tí ó ní nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ìràwọ̀. Kì í yọ rárá ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Edmond Halley fẹ́ wo ìràwọ̀ ìhà gúúsù ní 1677, erékùṣù Saint Helena láàrin òkun Àtìláńtíìkì ni ó lọ, níbẹ̀ ni ó sì ti rí i pé ohun tí àwọn ará àtijọ́ kà sí ìràwọ̀ kan kò dà bí ìràwọ̀ lásán. Ní tiwa, ní àárín òru oṣù kẹrin, a lè rí i níhà gúúsù, lókè òkun, bí ẹ̀kán ìkùukùu funfun, níbikíbi tí iná kò bá ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ni ìṣòro. Iná ọjà Alábà, iná ọkọ̀ lójú títì Àgbádárìgì, iná ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ń tàn sókè, wọ́n sì ń fọ́ òkùnkùn tí ìràwọ̀ ń fẹ́. Ọ̀rinrin òkun àti eruku ọyẹ́ tún ń dá kún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìràwọ̀ dáradára ní agbègbè wa lónìí ní láti sún sí etí omi, kí ó sì dúró de alẹ́ tí òjò ti fọ ojú sánmọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí inú agbo. Bí gbogbo ìràwọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ojúgbà, wọn kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Ìràwọ̀ tí ó tóbi dà bí ọlọ́rọ̀ onínàákúnàá: ohun tí ó ní pọ̀, ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ pọ̀ jù ohun tí ó ní lọ, nítorí náà ó tètè ń tán. Èyí tí ó kéré, tí ó pupa, tí ó sì bàìbàì, ni ó ń fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì náwó. Àwọn kan kò tíì ná ju díẹ̀ lọ láti ìgbà tí àgbáálá ayé ti wà. Aràrá funfun tí ó kọ́kọ́ wà nínú agbo jẹ́ ọmọ àwọn ìràwọ̀ ńlá tí wọ́n tètè kú. Ó ti ń tutù láti ìgbà náà, òun ni ó sì tutù jùlọ nínú agbo lónìí. Bí a bá rí i, tí a mọ bí ó ti tutù tó, tí a sì fi ìwọ̀nba ọdún tí ìyá rẹ̀ lò kún un, a ti mọ ọjọ́ orí agbo náà.

ỌMỌ TÍ Ó DÀGBÀ JU ÌYÁ RẸ̀ LỌ

Kí a tó mọ ìdí tí iṣẹ́ yìí fi ṣe pàtàkì, ó yẹ kí a gbọ́ nípa àríyànjiyàn tí mo mẹ́nu kàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1929, Edwin Hubble fi hàn pé àwọn ọ̀wọ́ ńlá ìràwọ̀ ń jìnnà sí ara wọn, àti pé èyí tí ó jìnnà jù ni ó ń sáré jù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà kan ti wà tí gbogbo wọn wà pọ̀ lójú kan. Bí a bá mọ bí wọ́n ti ń yára tó, a lè ka ọdún padà sẹ́yìn, kí a sì mọ ìgbà tí àgbáálá ayé bẹ̀rẹ̀.

Ní 1994, Wendy Freedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwọ̀n náà, ohun tí ó sì jáde nínú rẹ̀ ni pé àgbáálá ayé lè jẹ́ ẹni bílíọ̀nù 8 sí 12 ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣírò ọjọ́ orí agbo ìràwọ̀ róbótó ti sọ pé àwọn agbo tí ó dàgbà jù tó bílíọ̀nù 14 sí 16 ọdún. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà! Níbo ni a ti gbọ́ pé ọmọ dàgbà ju ìyá tí ó bí i lọ? Ó dájú pé ìṣirò ẹnìkan kò tọ́, bí kì í bá ṣe ti àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà tí àwọn oníṣirò agbo ń gbà nígbà náà ni pé wọn a wo ìràwọ̀ tí ń tàn, wọn a wá èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná háídrójìn àárín rẹ̀ tán, wọn a sì fi bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: kò sí ẹni tí ó lè mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó ní tòótọ́ bí kò bá mọ bí ó ti jìnnà tó. Fìtílà tí ó wà nítòsí àti iná ńlá tí ó wà lọ́nà jíjìn lè rí bákan náà lójú. Ní 1997, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ Hipparcos ṣe lójú òfuurufú mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn agbo náà jìnnà ju bí a ti rò lọ, pé ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀ jù, àti pé ọjọ́ orí wọn dínkù. Ní 1998, a rí i ní apá kejì pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ pẹ̀lú ìyára tí ń pọ̀ sí i, èyí sì fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àti ìyá bẹ̀rẹ̀ sí bára mu. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ tí ó le tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a pe ẹlẹ́rìí mìíràn tí kò sí lára àwọn tí ń jà. Ẹlẹ́rìí náà ni aràrá funfun.

WÍWÁ ÀKÍSÀ

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Agbo tí a mọ̀ sí M4 wà lára àwọn tí ó súnmọ́ wa jùlọ, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo nǹkan bí 6,000 ọdún lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wà lẹ́bàá ìràwọ̀ pupa tí a ń pè ní Antares, tí a lè rí láti Ọ̀jọ́ ní alẹ́ ìgbà òjò, tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́ ní oṣù kẹta. Awò-ọ̀nà-jíjìn Hubble, tí a gbé lọ sí òfuurufú ní 1990, ni a kọ́kọ́ fi rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ aràrá funfun nínú agbo yìí ní 1995. Ní 2001, Harvey Richer ti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí ibẹ̀. Láàrin ọjọ́ 67 wọ́n ṣí ojú Hubble sí ojú kan náà fún iye wákàtí tí ó tó ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n rí bàìbàì tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìdá ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó kéré jùlọ tí ojú lásán lè rí.

Ìṣòro kan tún wà. Lójú àwòrán, ìràwọ̀ agbo àti ìràwọ̀ àlejò tí ó wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Báwo ni a ó ti ya ọmọ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò? Bí a bá dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní títì Àgbádárìgì, tí a sì ya àwòrán èrò lẹ́ẹ̀mejì, a ó rí i pé olúkúlùkù ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń sin ìyàwó lọ ṣì wà pọ̀, wọ́n jọ ṣípò ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe. Wọ́n gbé àwòrán 1995 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2001. Àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n jọ ṣípò ni wọ́n gbà ní ọmọ agbo, wọ́n sì yọ àwọn yòókù kúrò.

Ní 2002 ni wọ́n kéde ohun tí wọ́n rí. Brad Hansen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé agbo M4 wà láàrin bílíọ̀nù 12 sí 13 ọdún. Ní 2003, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ WMAP wọn ooru tí ó ṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé sọ pé ó jẹ́ ẹni bílíọ̀nù 13.7 ọdún, ẹ̀rọ Planck sún un sí nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 lẹ́yìn náà. Ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn rí ni ó pàdé yìí. Ọmọ kò dàgbà ju ìyá rẹ̀ lọ mọ́, kàkà bẹ́ẹ̀ ó jẹ́ àkọ́bí tí a bí nígbà tí ìyá ṣì wà ní ọ̀dọ́.

Agbo kejì tí wọ́n yẹ̀wò ni NGC 6397, tí òun náà ń kọjá níhà gúúsù wa. Ní 2005 wọ́n fi Hubble wò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2006. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kan òpin lọ́nà méjì. Èkíní ni òpin àwọn ìràwọ̀ pupa kékeré: èyí tí kò bá tó nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn kò lè dá iná tí yóò máa jó lọ. Èkejì ni òpin àwọn aràrá funfun: wọ́n ń pọ̀ sí i bí wọ́n ti ń bàìbàì sí i, títí dé ibì kan tí wọ́n dáwọ́ dúró. Kì í ṣe pé awò kò lè rí kọjá ibẹ̀. Kò sí àkísà tí ó gbó ju èyíinì lọ nínú agbo náà ni. Ìmọ́lẹ̀ àwọn tí ó bàìbàì jùlọ dà bí ti àbẹ́là kékeré tí a tàn lórí òṣùpá tí a sì ń wò láti ilé ayé. Ọjọ́ orí tí wọ́n ṣírò fún agbo yìí ní 2007 ni nǹkan bí bílíọ̀nù 11.5 ọdún.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A FI SỌ́KÀN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá. Ẹni tí ń fi ògúnná wọn àkókò gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ìwà ògúnná. Hugh Van Horn ti sọ ní 1968 pé bí aràrá funfun bá tutù dé ìwọ̀n kan, inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí dì, bí epo pupa ti ń dì nínú ìgò nígbà ọyẹ́. Ohun tí ó bá ń dì a máa tú ooru jáde, ooru yìí sì ń fa ìtutù rẹ̀ sẹ́yìn. Ní 2019, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ Gaia ṣe fi hàn pé òtítọ́ ni.

Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan fi agbo méjì, M3 àti M13, wé ara wọn. Nínú M13, wọ́n rí i pé nǹkan bí 7 nínú aràrá 10 ṣì ní háídrójìn díẹ̀ tí ń jó lára òde wọn. Iná abẹ́ eérú ni. Aràrá tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yóò dà bí ọ̀dọ́ ju bí ó ti rí lọ, ẹni tí kò bá sì mọ̀ lè ṣi ọjọ́ orí rẹ̀ kà pẹ̀lú ìwọ̀n tí ó lè tó bílíọ̀nù ọdún kan. Nítorí náà àwọn onímọ̀ ṣì ń tún ìṣirò wọn ṣe, awò-ọ̀nà-jíjìn James Webb, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, sì ti ń wo irú agbo bẹ́ẹ̀ láti rí àwọn ohun tí ó tutù ju èyí tí Hubble lè rí lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ fi síwájú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Nínú gbogbo àlàyé tí a ti ṣe yìí, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti àlejò kò pọ̀. Aràrá, ògúnná, agbo, ojúgbà, òòfà, àkísà: gbogbo wọn wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe àìtó èdè ni ó ń dí wa lọ́wọ́, bí kò ṣe àìlò ó. Àwọn atukọ̀ ọ̀sà wo ìràwọ̀ tí ó wúlò fún wọn, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ìràwọ̀ náà ni ó ní aràrá funfun tí ó súnmọ́ wa jùlọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí olùkọ́ kan ní Ìba tàbí Òkókómáíkò bá kó ọmọ kíláàsì rẹ̀ jọ ní alẹ́ kan nínú oṣù kejì, kí ó fi ìràwọ̀-ọkọ̀ hàn wọ́n, kí ó sọ orúkọ tí àwọn baba wọn fún un, lẹ́yìn náà kí ó sọ fún wọn nípa ògúnná tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ tí wọn kò lè rí. Kí ó wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé orúkọ wo ni ó yẹ kí a fún ẹnìkejì náà. Ó dá mi lójú pé ìdáhùn wọn yóò yẹ ní títẹ̀ sínú ìwé yìí.